Ẹni Tó Fi Ọ̀dà Pupa Kọ Ẹjọ́ Tí Kò Sí

Ọkùnrin kan ń bẹ ní àárín ìgboro àtijọ́, níbi tí òrùlé ti ń gun òrùlé lẹ́yìn. Lọ́dọọdún ni omi òjò ń wọlé bá a, tí í jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ bí àna tó wá kí ni. Lọ́dún èṣí, omi gbé bẹ́ẹ̀dì ìyàwó rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin náà gbàdúrà, ó gbààwẹ̀, ó kó àpò iyanrìn dí ẹnu ọ̀nà. Omi kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Aránṣọ kan ń gbé lókè díẹ̀ sí i. Gbàgede tí gbogbo àdúgbò ń da pàǹtí sí ló wà níwájú ilé aránṣọ náà, ibẹ̀ sì ni omi ti ń ṣàn wá sísàlẹ̀. Aránṣọ kò ṣe ọkùnrin wa ní nǹkan kan. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ kò ju pé ó pààrọ̀ páànù ilé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ń sanra.

Ni olówó kan bá wá kọ́ ilé alájà mẹ́sàn-án sí ìpẹ̀kun àdúgbò. Òfin ìlú wọn ni pé ẹni tó bá kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi owó ara rẹ̀ tún ibì kan ṣe fún ará àdúgbò. Ẹnjiníà rẹ̀ pe àwọn onílé jọ, ó tẹ́ àwòrán sórí tábìlì. Wọn ó kó pàǹtí gbàgede kúrò, wọn ó da kọnkéré síbẹ̀, wọn ó gbin igi, wọn ó to àga, wọn ó sì ri ọ̀pá iná mẹ́ta. Wọn ó wá la gọ́tà ńlá tí yóò gba omi lọ sódò, kí ó má yà sílé ọkùnrin wa mọ́.

Inú gbogbo wọn dùn. Ọkùnrin wa nìkan ló ń fi ìka tọ àwòrán náà.

"Ẹnjiníà, ilé ta ni iná yìí ń wò?"

"Ilé aránṣọ ni, bàbá. Iwájú rẹ̀ ni gbàgede wà."

"Igi ńkọ́?"

"Ibẹ̀ náà ni."

"Àga ńkọ́?"

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni gọ́tà."

"Gọ́tà! Ẹ fún ẹnìkan níná, ẹ wá fún èmi ní gọ́tà!"

Àwọn onílé bú sẹ́rìn-ín. Kí wọ́n rọra rẹ́rìn-ín o. Ta ni nínú wọn tí kò tíì ka ẹran inú ọbẹ̀ ẹlòmíràn rí? Ọkùnrin wa ní kí wọ́n la gọ́tà, kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Ẹnjiníà ní iṣẹ́ kan ni: kí wọ́n gba gbogbo rẹ̀, tàbí kí òun gbé e lọ síbòmíràn.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. "Bàbá Mọjíbọ́lá, ẹ jẹ́ kí iná máa tàn ní tiwọn, kí ilẹ̀ máa gbẹ ní tiwa."

"O ò mọ nǹkan kan. Tí iná bá tàn níbẹ̀, àwọn oníbàárà á máa wá dánṣọ wò títí alẹ́. Ṣé ojú mi báyìí ni yóò ṣe là?"

Ní ìgboro, bí ẹni méjì bá ń du ilẹ̀, ẹnìkan a fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri pé ẹjọ́ wà níbẹ̀. Agolo ọ̀dà kan ju lọ́yà mẹ́wàá lọ. Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí gbogbo ilé ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọkùnrin wa ní inú ń run òun, ó dúró sílé. Ó gbé ọ̀dà pupa, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri gbàgede: Ẹ ṢỌ́RA! ILẸ̀ YÌÍ WÀ NÍ KÓÒTÙ. Kò sí kóòtù, kò sí ẹjọ́. Ìlara ni olùpẹ̀jọ́, ìlara náà ni adájọ́.

Olówó rí i lọ́jọ́ kejì, àyà rẹ̀ já. Àwọn onílé búra pé kò sí ẹjọ́ kankan. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn onílé ń búra níbi gbogbo. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, sìmẹ́ńtì ti lọ sí àdúgbò tó wà lódìkejì afárá. Àwọn tibẹ̀ ń jẹ ẹ̀pà lábẹ́ iná lónìí, wọ́n sì ń ṣàdúrà fún ẹni tí wọn kò mọ̀.

Ọkùnrin wa yọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Òjò wá dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, omi mù ún dé orúnkún. Aránṣọ fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ó gbé garawa, ó sáré wá bá wọn gbọ́n omi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ yà níbẹ̀, kí n gbé bẹ́ẹ̀dì sókè."

Ọkùnrin wa dúró nínú omi, ó ń wò ó. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"O rí i? Garawa tiẹ̀, tuntun ni."

Ìwọ tí o jókòó níwájú mi yìí, má wolẹ̀. Ìwọ lo ní kí n bá ọ kọ lẹ́tà sí olówó tó fẹ́ ri ẹ̀rọ omi sí òpópónà yín, pé kí ó má rì í síwájú ilé àbúrò rẹ, kí wọ́n má baà máa pe ibẹ̀ ní ilé olómi. Owú tí ò ń jẹ yìí, èmi náà ti jẹ ẹ́ rí. Kì í yó ni. Ìwé rèé, gègé rèé, n ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ pe ìyàwó rẹ wá, kí ó sọ fún mi bí ibi tó ti pọn omi tí o fi wẹ̀ láàárọ̀ yìí ti jìnnà tó.