Àtíòro àti Ọ̀pọ̀tọ́ Kan Ṣoṣo

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ṣé ebi ń pa yín ni? Ẹ gbè é kó dún. Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi yọ pẹ́ẹ́, ó fò fẹ̀rẹ̀, ó kan ẹyẹ Àtíòro àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀.

Ní ayé àtijọ́, ọ̀dá dá. Odò gbẹ, ewé gbẹ, ìkòkò ọbẹ̀ náà gbẹ. Ìgbà yẹn gan-an ni Àwẹ̀ró yé ẹyin kan. Bẹ́ẹ̀, àṣà wọn ni pé bí ìyàwó bá ti yé ẹyin sínú ihò igi, wọn á fi amọ̀ dí ẹnu ihò mọ́ ọn, nítorí ejò. Àyè tóóró tí àgógó ẹnu lè gbà ni wọn á fi sílẹ̀. Ọkọ ló ń wá oúnjẹ wálé.

Lójoojúmọ́, Àwẹ̀ró á kọrin láti inú ihò. Ẹ gbè é:

Ọkọ mi tó rìn jìnnà,
Kí ló wà lẹ́nu rẹ?
Ebi ń pa mí lórí ẹyin,
Kí ló wà lẹ́nu rẹ?

"Ọ̀pọ̀tọ́ kan ṣoṣo ni mo rí," ni Àtíòro á wí.

Ọjọ́ kìíní, ọ̀kan. Ọjọ́ kejì, ọ̀kan. Ọjọ́ kẹta, ọ̀kan. Inú bí Àwẹ̀ró.

"Irọ́ lò ń pa. O ń jẹun níta."

"Ìwọ tó jókòó sójú kan, kí lo mọ̀?"

"Ó dáa. Wá jókòó, kí n lọ."

Ó fọ́ amọ̀. Ejò tó wà nídìí igi gbórí sókè. Kíá, Àtíòro wọlé, Àwẹ̀ró dí ihò mọ́ ọn, ó fò lọ. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má wojú mi, èmi kọ́ ni mo ní kó lọ.

Ó fò, ó fò, ó fò. Gbogbo igi ló ti gbẹ. Nígbà tó fi máa rí ọ̀pọ̀tọ́ mẹ́ta, apá rẹ̀ ò gbé e mọ́. Ó jẹ ọ̀kan, kò lè fò. Ó jẹ ìkejì. Ó gbé ìkẹta délé.

Àtíòro ti ń kọrin nínú ihò:

Ìyàwó mi tó rìn jìnnà,
Kí ló wà lẹ́nu rẹ?

"Mẹ́ta ni mo rí," ni Àwẹ̀ró wí. "Mo ti jẹ méjì. Ojú ń tì mí."

Àtíòro yọ àgógó síta. "Mẹ́ta ni èmi náà ń rí."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ọkọ wo ló máa sọ pé òun ti jẹun, nígbà tí ìyàwó òun ò tíì jẹ?"

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹni tó máa fò gbọ́dọ̀ jẹun, ọkọ mi. Ká ní o sọ ni, ǹ bá má ti fọ́ ilé."

Wọ́n pín ẹyọ kan náà sí méjì. Láti ọjọ́ yẹn, bí Àtíòro bá dé, ohun tó ti jẹ ló kọ́kọ́ máa ń sọ. Ọ̀dá ò tíì lọ, ṣùgbọ́n ẹyin pa. Ejò ló pàdánù.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ebi kọ́ ló ń tú ilé. Ohun tí tọkọtaya ń fi pa mọ́ fún ara wọn ló ń tú u.

Ibi tí ẹnu mi gbé ààlọ́ dé rèé. Ẹ lọ jẹun.