Ìjàpá àti Orin Ìkòkò Mẹ́rin

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn, mi ò gbọ́ yín! Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ìjàpá lórí, ó bọ́ sínú ìkòkò.

Ní ìgbà kan rí, Ẹ̀gà ń kọ́ àwọn ọmọ ẹranko ní ìwé kíkà lábẹ́ igi ọ̀pẹ. Ẹ̀yin náà mọ Ẹ̀gà, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó to ìkòkò mẹ́rin sílẹ̀, ó fi ewé dé ẹnu wọn, ó fi ẹfun kọ orúkọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lára. Yóò fi ìyẹ́ tọ́ka sí ọ̀rọ̀, yóò sì dá orin. Ẹ bá mi gbè é!

Oyin rèé o!
— Ẹ wò ó o, ẹ wò ó!
Iyọ̀ rèé o!
— Ẹ wò ó o, ẹ wò ó!
Epo rèé o!
— Ẹ wò ó o, ẹ wò ó!
Ata rèé o!
— Ẹ wò ó o, ẹ wò ó!

Àràárọ̀ ni Ẹ̀gà ń pààrọ̀ ààyè àwọn ìkòkò náà. Orin kì í yí, ìkòkò ló ń yí. Ó ní ẹni tó bá dá oyin mọ̀ lọ́jọ́ ìdánwò ni yóò lá a.

Ìjàpá gbọ́ “oyin” lẹ́yìn ọgbà. Hà! Itọ́ kún un lẹ́nu. Kò yọjú o, etí nìkan ló fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Ní ọjọ́ mẹ́ta, ó ti mọ orin náà látòkè délẹ̀.

“Ṣé ìwé náà kò jù báyìí lọ? Èmi Ìjàpá ti di ọ̀mọ̀wé!”

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ìjàpá ti àwọn ọmọ sẹ́yìn.

“Tíṣà, ẹ jẹ́ kí àgbà kọ́kọ́ kà. Bí mo bá kà á, gbogbo oyin di tèmi.”

“Ẹ ó kà á, ẹ ó sì tọ́ ọ wò,” ni Ẹ̀gà wí. “Bó bá jẹ́ oyin, ẹ máa gbé e lọ.”

Ọmọ Ehoro bú sẹ́kún. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí oyin yìí.

Ìjàpá di ojú, ó ń jó lọ síbi ìkòkò àkọ́kọ́. “Oyin rèé o!”

Àwọn ọmọ wo ara ìkòkò, wọ́n figbe ta. “Bàbá Ìjàpá, ẹ wò ó o, ẹ wò ó!”

Áà, wọ́n ń gbè fún mi! Orí Ìjàpá wú. “Oyin rèé o!”

“Ẹ wò ó o, ẹ wò ó!”

Ó ki orí bọ ìkòkò, gbọ̀ọ̀! Ata gígún ni! Ata wọ ojú, ó wọ imú, ó dé ọ̀fun.

“Yéè! Mo kú o! Ẹ fún mi lómi!”

Ọmọ Ehoro nu omijé nù, ó lọ síbi ìkòkò kẹta, ó kà á wẹ́rẹ́: “Oyin.” Gbogbo wọn lá a títí wọ́n fi ń pọ́n ìka lá.

Láti ọjọ́ náà, bí Ìjàpá bá dé ibi tí kò mọ̀, yóò kọ́kọ́ fa orí wọlé, yóò wá yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, yóò wò ó, yóò tún un wò.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ̀yin ọmọ, orin dára, ẹ kọ ọ́! Ṣùgbọ́n bí ẹnu bá ń kọrin, kí ojú máa kàwé. Bí mo bá purọ́ fún yín, ẹ má fún mi lóyin lá.