Àwẹ̀ró àti Etí Odò

Ọ̀gbàrá ló ń sáré,
Ìsun ni kì í kánjú,
Ẹni tó bu omi mu, kó má gbàgbé ibi tó ti ń sun.
A díá fún Àwẹ̀ró, olùtọ́jú odò ní Ìlóyìn, níjọ́ tí ìsun ń gbẹ, tó ń fi omijé ojú sògbérè ire.

Ọba ti ní bí omi kò bá wá kí oṣù tó lé, gbogbo ìlú yóò ṣí lọ. Ìyá Àwẹ̀ró kò sì lè rìn mọ́. Bí ìlú bá ṣí, ta ni yóò gbé arúgbó náà? Èyí ló mú kí Àwẹ̀ró tọ àwọn awo lọ.

Àwọn awo ní, "Fi ewúrẹ́ bọ odò. Má jẹ́ kí wọ́n gé e létí."

Àwẹ̀ró gbọ́ rírú ẹbọ, ó rú u. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ wo ni wọn kì í gé létí ní Ìlóyìn, níbi tí olúkúlùkù ti ń fi àmì sí ẹran tirẹ̀ kí aládùúgbò má baà sọ ọ́ di ọbẹ̀? Ó rìn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Abúlé kẹta ló ti rí ewúrẹ́ tí etí rẹ̀ pé. Ó fi bọ odò. Omi kò sun.

Ó sunkún dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. "Yèyé, mo ṣe gbogbo ohun tí wọ́n wí. Ewúrẹ́ náà kò lábùkù létí."

Arúgbó bú sẹ́rìn-ín. "Àwẹ̀ró, ṣé ewúrẹ́ nìkan ló létí ni? Etí odò ńkọ́? Ta ló gé e?"

Àwẹ̀ró mọ ẹni náà. Òun fúnra rẹ̀ ni. Òun ló kọ́kọ́ ṣán igbó etí odò, tó gbin ilá síbẹ̀, tí àwọn ará ìlú rí i, tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Òjò wá ń gbá yanrìn ebè wọn lọ dí ojú ìsun.

Lọ́jọ́ kejì, ó fa ilá tirẹ̀ tu tòdòdó-tòdòdó. Ó dùn ún wọra. Nígbà tí àwọn yòókù rí i, ó sọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún wọn. Wọ́n kó ebè wọn kúrò, wọ́n ń fi igbá kó yanrìn kúrò lójú ìsun. Ní ọjọ́ kẹta, omi tútù yọ láàárín ìka wọn. Àwẹ̀ró jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ọba ní kí gbogbo ilé tú ẹrù wọn. Ó pàṣẹ pé ọkọ́ kò gbọdọ̀ kan etí odò mọ́, igbó sì hù padà.

Àwẹ̀ró lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ awo, awo ní Ifá ni kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ifá ní ẹbọ a máa gbe ẹni tó bá rú u, kí onítọ̀hún ṣáà gbọ́ ìmọ̀ràn dé ìdí. Ìlóyìn kò ṣí mọ́. Ìyá Àwẹ̀ró mu omi odò náà títí ó fi dàgbà kú, ilé ara rẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí.