Ìdí Tí Gbámú Fi Ń Di Ìrù Àtọwọ́dá Mú Kí Wọ́n Tó Gba Ẹ̀rí Rẹ̀ Gbọ́

Nígbà láéláé, nígbà tí wọ́n ṣì ń gba ẹ̀rí ẹnu lásán gbọ́ nínú yàrá àyẹ̀wò, akọni kan wà tó ń jẹ́ Gbámú. Inú ẹ̀jẹ̀ Ehoro ni wọ́n ti bí i, inú ìgò kékeré nínú fíríìjì ló sì ń gbé. Ó ní ọwọ́ méjì lókè, ó ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo nísàlẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ńkọ́? Ha! Ẹ má wulẹ̀ bèèrè.

Iṣẹ́ Gbámú ni láti mú olè kan tó ń jẹ́ Ọ̀bàyéjẹ́. Ọ̀bàyéjẹ́ yìí ló ń da àìsàn jẹjẹrẹ sílẹ̀ lára èèyàn. Ìrù rẹ̀ wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, kò sí irú rẹ̀ lára ẹlòmíràn. Gbámú á wọ inú ẹran ara lọ, á di ìrù yẹn mú, ibẹ̀ á sì di pupa fòò. Dókítà Mopélọ́lá, tó ni yàrá náà, á yọjú wò ó nínú dígí tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, á ní, "Ó ti mú un!"

"Ta ló tún tó èmi?" Gbámú á máa yan kiri nínú ìgò. "Èmi kì í ṣìmú láé!"

Lọ́jọ́ kan, Dókítà rán an sínú ẹran ara tuntun. Kò pẹ́ tí gbogbo ibẹ̀ fi di pupa. Ta ni Gbámú mú? Atúnṣe ni, ẹni jẹ́jẹ́ tó máa ń dí ojú ọgbẹ́ fún èèyàn.

"Olè!" Gbámú pariwo.

Atúnṣe bú sẹ́kún. "Ẹ̀gbọ́n Gbámú, ẹ wo ìdí mi dáadáa! Mi ò ní ìrù rárá!"

"Gbogbo olè ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

Dókítà gba Gbámú gbọ́. Ó ti ń gbé oògùn líle bọ̀, oògùn tó máa pa Atúnṣe rẹ́ pátápátá. Bó bá kú, ta ló máa wá dí ojú ọgbẹ́?

"Màmá Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná!" Ohùn tín-ín-rín kan ló ké láti orí tábìlì. Ìrù Àtọwọ́dá ni. Dókítà fúnra rẹ̀ ló ṣe é, kó lè jọ ìrù Ọ̀bàyéjẹ́ bí ìbejì. Kò lórí, kò lára, ìrù ṣá ni. "Ẹ kó èmi àtàwọn ẹgbẹ́ mi sọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Gbámú, kẹ́ ẹ wá rán an padà. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ló fi ń mú olè, kò ní lè mú ẹnikẹ́ni mọ́."

"Ìwọ ìrù tí ò lórí yìí, èmi lò ń dán wò?"

Àmọ́ Dókítà ti pò wọ́n pọ̀. Kí Gbámú tó ṣẹ́jú, ìrù ti kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kò sì ṣe é jù sílẹ̀. Ó bá fi ìbínú wọ inú ẹran ara náà, ó ní òun á kàn gba ibẹ̀ kọjá ni. Ó fẹ́ kọjá, kò lè kọjá. Ibẹ̀ tún di pupa fòò!

"Gbámú," ni Dókítà wí, "ọwọ́ rẹ ti kún. Kí lo wá fi di Atúnṣe mú?"

Gbámú wolẹ̀. Yéè! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ Atúnṣe láyà pinpin, bí ẹ̀bà tó lẹ̀ mọ́ ìdí abọ́. Ó fà á, kò já. Ó tún fà á, àwọn méjèèjì bá jọ ṣubú yakata.

"Ẹ-ẹsẹ̀ mi ni, mà." Ojú tì í gan-an. "Mi ò mọ̀ pé ó ń lẹ̀. Atúnṣe, jọ̀ọ́, má bínú."

"Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ láyà mi ná."

Dókítà yára gbé oògùn náà padà síbi tó ti gbé e.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń rán Gbámú lẹ́ẹ̀mejì: wọ́n á rán an lọ́wọ́ òfìfo, wọ́n á tún fi Ìrù Àtọwọ́dá kún ọwọ́ rẹ̀. Bí pupa náà bá pòórá nígbà tọ́wọ́ rẹ̀ kún, wọ́n á gbà pé olè ló mú lóòótọ́. Bí kò bá pòórá, wọ́n á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ti wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ìgò àwọn méjèèjì fi máa ń wà pa pọ̀ nínú fíríìjì. Tí wọ́n bá sì ti fẹ́ wọlé, Ìrù Àtọwọ́dá á rọra sọ sí i létí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dì mí mú dáadáa, kẹ́ ẹ sì ká ẹsẹ̀ yín kò!"