Àwẹ̀ró Ọlọ́ṣẹ àti Àká Mẹ́ta

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀, ó yà sí etí odò, ó jókòó ti Àwẹ̀ró ọlọ́ṣẹ. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Bí mo bá dé ibi orin, ẹ má fi èmi nìkan sílẹ̀ o.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko jọ ń ná ọjà kan náà, obìnrin kan wà ní ìlú Ìsàlẹ̀-Àràbà. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Ọṣẹ dúdú ló ń sè. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ, ìyá rẹ̀ náà ló fi ẹbu tí wọ́n ti ń se ọṣẹ sílẹ̀ fún un. Ìkòkò ńlá mẹ́ta ló wà lórí ààrò níbẹ̀. Obìnrin mẹ́ta ló ń bá a ro ọṣẹ. Méjì jẹ́ ọ̀dọ́. Ẹ̀kẹta ni Àyọ̀ká, àgbàlagbà tó ti wà nínú ẹbu náà láti ayé ìyá Àwẹ̀ró.

Ọṣẹ Àwẹ̀ró dára. Bí wọ́n bá fi fọ aṣọ, aṣọ á mọ́ nini. Bí wọ́n bá fi wẹ̀, ara á jọ̀lọ̀. Bí kúrúnà bá mú ọmọ, tí wọ́n bá ń fi ọṣẹ náà wẹ̀ ẹ́, kúrúnà á fi ọmọ sílẹ̀. Ènìyàn ń rà. Ẹtu ń rà. Ọ̀bọ pàápàá, tí kì í fẹ́ wẹ̀, ó ń rà.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń ta àdín fún un. Ta ló tún mọ ẹ̀kùrọ́ í pa tó Ọ̀kẹ́rẹ́? Òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ á pa ẹ̀kùrọ́, wọ́n á yan án, wọ́n á yọ àdín rẹ̀. Bí ọjọ́ ọjà bá pé, Ọ̀kẹ́rẹ́ á gbé àdín dé, Àwẹ̀ró á ka owó ẹyọ fún un, Ọ̀kẹ́rẹ́ á máa bá tirẹ̀ lọ.

Nǹkan ń lọ bẹ́ẹ̀, ó ń dùn. Àfi ìgbà tí ohun méjì kó sí Àwẹ̀ró lórí.

Èkíní ni àká. Ó kọ́ àká kan, ó kó ọṣẹ kún un. Ó wò ó, inú rẹ̀ dùn. Ó kọ́ èkejì, ó kó ọṣẹ kún un. Ó wò ó, inú rẹ̀ tún dùn. Ó kọ́ ẹ̀kẹta, ó kó ọṣẹ kún un títí ilẹ̀kùn fi kọ̀ tí kò padé mọ́. Bí àlejò bá dé, Àwẹ̀ró á mú un yí àká ká. Á ní, "Ẹ wò ó, ẹni tó ní àká mẹ́ta, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè tòṣì?"

Èkejì ni orúkọ. Ó wù ú kí ayé máa sọ pé àwọn ẹni ńlá ló ń ra ọjà òun. Bí ìyàwó Ẹkùn bá dé, á ní, "Ọkọ mi ní kí ẹ kó igbá ọṣẹ méjì fún òun láwìn. Ó ní òun ń bọ̀ wá san án." Ojú Àwẹ̀ró á tàn. Á ní, "Ẹ kó mẹ́rin! Ṣebí Ẹkùn ni!" Ẹkùn kó, kò san. Ó tún kó, kò san. Ó tún kó ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò san, Àwẹ̀ró ò sì bèèrè.

Àyọ̀ká sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ọmọ mi, ọṣẹ ń lọ, owó ò bọ̀ o."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má dààmú, Ìyá. Ìlọ́po méjì ohun tí mo ná ni mò ń ta igbá ọṣẹ kan. Ta ló ń jèrè tó mi nílùú yìí?"

Ọjọ́ ọjà kan, Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé àdín dé. Àwẹ̀ró tú àpò owó. Ó gbọ̀n ọ́n. Ẹyọ díẹ̀ ló já bọ́, kò tó ra àdín tó kún ahá kékeré kan.

Ó ní, "Ọ̀kẹ́rẹ́, gbé àdín sílẹ̀. Ojú rẹ náà ló rí àká mi yẹn. Ṣé èmi ló lè jẹ ọ́ ní gbèsè kí n má san án?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ wo àká kìíní. Ó wo èkejì. Ó wo ẹ̀kẹta. Ó mi ìrù.

"Ìyá ọlọ́ṣẹ," ló wí, "mo rí i. Àká yín tóbi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi kì í jẹ ọṣẹ."

Ó gbé àdín rẹ̀ padà sórí, ó lọ.

Ìkòkò kan tutù. Nígbà tó ṣe, ìkòkò kejì tutù. Nígbà tó tún ṣe, ẹ̀kẹta tutù, eérú nìkan ló kù nínú ààrò. Àwọn ọ̀dọ́ obìnrin méjèèjì dìde. Wọ́n ní, "Ìyá wa, ẹ má bínú. Ibi tí iná bá wà la ti ń rí jẹ." Wọ́n sọdá odò lọ sọ́dọ̀ Ìmàdò, nítorí pé Ìmàdò náà ń se ọṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọṣẹ tirẹ̀ a máa bó ènìyàn lára. Àyọ̀ká nìkan ló kù.

Lọ́jọ́ náà, Láníyọnu, ọkọ Àwẹ̀ró, ti ìgbẹ́ ọdẹ dé. Ó jókòó, ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó gbé ojú sókè.

"Àwẹ̀ró, iyọ̀ dà?"

"Iyọ̀ ti tán."

"Kí ló dé tí o ò rà?"

Àwẹ̀ró na ọwọ́ sí àpò owó tó ti ṣófo.

"Ìwọ, olówó àká mẹ́ta?"

Láníyọnu ò fi bú u o. Ó yà á lẹ́nu ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún Àwẹ̀ró láyà bí ẹ̀gún. Òkèlè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò dé ẹnu.

Bí ẹni pé ìyẹn ò tó, àkókò òjò dé. Ẹ̀yin náà mọ ọṣẹ dúdú. Bí òtútù bá mú un, á máa làágùn. Ọṣẹ inú àká bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó ń yọ́. Omi dúdú ń ṣàn jáde lábẹ́ àká, ó ń bá àgbàrá lọ sódò.

Nínú òjò yẹn náà ni Ìmàdò sọdá wá. Ó dúró sẹ́nu ẹbu, ó ń fi imú tú eérú tútù.

"Àwẹ̀ró, mo gbọ́ pé iná ti kú níbí. Ta ìkòkò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi. Ìkòkò tí kò gbóná, kí ló wúlò fún ju kó máa gbe òjò?"

"Ìkòkò ìyá mi ni."

"Ìyá rẹ á gbà fún ọ. Ebi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ ikùn. Bí àkókò òjò yìí bá kọjá, màá kó àwọn ọmọ mi wá, a ó wá gbé e."

Ó lọ. Àwẹ̀ró wọ inú àká. Ó fi ọwọ́ kan ọṣẹ, ọwọ́ rẹ̀ wọlé bí ìgbà tí ènìyàn kan ẹ̀kọ gbígbóná. Ó dúró síbẹ̀, ó ń rò ó. Ó ní, "Èrè mi wà nínú àká yìí, ó ń yọ́. Èrè mi wà nílé Ẹkùn, ó ń wẹ̀ ẹ́. Èrè mi wà níbi gbogbo, àfi ọwọ́ mi." Bó ti sọ ọ́ tán báyìí, ojú rẹ̀ là. Kò sunkún. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó jáde.

"Ìyá, ẹ bá mi mú ọ̀bẹ wá."

Òun àti Àyọ̀ká ṣí àká mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó ti bàjẹ́, wọ́n gé e dànù. Èyí tó ṣì dára, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n fi ewé gbígbẹ pọ́n ọn. Àwẹ̀ró rù ú dé ọjà, ó gbé ohùn sókè:

"Owó pọ́ọ́kú! Owó lọ́wọ́, ọṣẹ lọ́wọ́! N ò tà láwìn o!"

Ìyá oníkànìnkànìn tó ń tà nítòsí rẹ̀ pòṣé. "Àwẹ̀ró, orí rẹ pé báyìí? Ìdajì iye tí ò ń tà á tẹ́lẹ̀ nìyí! Èrè rẹ dà?"

"Èrè ti bá òjò lọ, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n fa ojú owó yọ kó tó bá a lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n rà. Ẹni tí kò lè ra igbá kan tẹ́lẹ̀, ó ra ìdì kan. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, àpò Àwẹ̀ró wúwo. Ó ra iyọ̀. Lẹ́yìn náà, ó gba ilé Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ.

"Ta àdín ìkòkò kan fún mi."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Ìkòkò kan péré? Ẹ̀yin?"

"Ìkòkò kan. Bí mo bá tà á tán, màá wá ra òmíràn."

Ó sè é, ó tà á, ó padà lọ ra àdín. Ó sè é, ó tà á, ó tún padà. Ó tún sè é, ó tún tà á, ó tún padà. Kò sí èyí tó sùn sínú àká. Ìgbà tó dé ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Ọ̀kẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. "Ìyá ọlọ́ṣẹ, ẹ gba ti ìkòkò kejì mọ́ ọn. Ẹ san án lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀." Ọjọ́ ọjà pé, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí Àwẹ̀ró fi gbé owó dé. Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ti fọkàn tán an.

Ìkòkò méjì gbóná. Ẹ̀kẹta ló kù. Owó ẹ̀kẹta sì wà nílé Ẹkùn.

Ó lọ síbẹ̀. Wọ́n ní Ẹkùn ń sùn. Ó tún lọ. Wọ́n ní Ẹkùn lọ sígbó. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Ẹkùn ló wá fúnra rẹ̀. Kúrúnà ti bo àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ti lọ ra ọṣẹ Ìmàdò, ọṣẹ Ìmàdò ti bó wọn lára. Wọ́n ń ké tọ̀sán-tòru. Ẹkùn dúró sẹ́nu ẹbu, ó ní, "Àwẹ̀ró, kó ọṣẹ fún mi. Màá san án."

Àwẹ̀ró ò gbé ojú kúrò nínú ìkòkò. Ó ń ro ọṣẹ lọ. Orin ló fi dá a lóhùn. Ẹ bá mi gbè é:

Lílé: Igi mi dà o, igi mi dà?
Ègbè: Jó, iná, jó!
Lílé: Àdín mi dà o, àdín mi dà?
Ègbè: Jó, iná, jó!
Lílé: Ó wọlé Ẹkùn, kò jáde mọ́.
Ègbè: Jó, iná, jó!
Lílé: Iná ò mẹkùn, igi ló mọ̀.
Ègbè: Jó, iná, jó!

Ẹkùn bú ramúramù. Ewé já bọ́ lórí igi. Àyọ̀ká sá sẹ́yìn ìkòkò. Ẹkùn ní, "Ṣé o mọ ẹni tí ò ń kọrin sí?"

Àwẹ̀ró ò fi orógùn sílẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ yín. Ẹ̀yin ni Ẹkùn. Ṣùgbọ́n iná mi ò mọ̀ yín. Bí n ò bá fi igi sí i, á kú. Bó bá kú, kò ní sí ọṣẹ fún èmi, kò ní sí fún ẹ̀yin náà."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu ọṣẹ tuntun sínú ewé, ó nà án sí i.

"Èyí, ti àwọn ọmọ ni. Àwọn ọmọ ò jẹ mí ní nǹkan kan. Ẹ lọ fi wẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n tiyín, ẹ san èyí tí ẹ ti kó kí ẹ tó kó òmíràn."

Ẹkùn wo ọṣẹ náà. Ó wo Àwẹ̀ró. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó gba ọṣẹ, ó yí padà, ó lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, ìyàwó rẹ̀ dé, àpò owó ẹyọ lórí, òmíràn lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ọkọ mi ní kí n bá òun bẹ̀ yín. Àwọn ọmọ ti sùn."

Ìkòkò kẹta gbóná.

Àkókò òjò kọjá. Ìmàdò kó àwọn ọmọ rẹ̀ sọdá, tọ̀pá-tokùn, láti wá gbé ìkòkò. Èéfín ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Wọ́n dé ẹbu, ìkòkò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń hó kùtùkùtù. Àwọn ọ̀dọ́ obìnrin méjèèjì ti padà, wọ́n ń fi orógùn ro ọṣẹ, wọn ò wo ojú Ìmàdò.

Ìmàdò ní, "Mo gbọ́ pé ọṣẹ rẹ ti wálẹ̀ lówó. Báwo lo ṣe ń jèrè?"

"Tẹ́lẹ̀, mò ń jèrè ńlá lẹ́ẹ̀kan, èrè náà á lọ sùn. Ní báyìí, mò ń jèrè kékeré, owó kan náà á jáde, á padà wálé, á tún jáde. Ẹsẹ̀ owó ni mo dá sílẹ̀, Ìmàdò. Mo ti so ó mọ́lẹ̀ pẹ́ jù."

Ìmàdò bojú wẹ̀yìn. Ó ronú kan àká mẹ́rin tirẹ̀ tó kún fún ọṣẹ ní òdìkejì odò. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀. "Ẹ yára," ló wí, "ẹ jẹ́ ká tètè délé kí òjò mìíràn tó dé."

Àwẹ̀ró wó àká méjì. Ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ ló mọ ààrò kẹrin sí. Ìgbà tí ọyẹ́ dé, tí ó jókòó pẹ̀lú Àyọ̀ká, tí wọ́n wo èrè ọdún náà, ó ju ti gbogbo ọdún àká mẹ́ta lọ. Àyọ̀ká pàtẹ́wọ́, ó gbá a mọ́ra. "Ọmọ mi," ló wí, "o ti mọ òwò ṣe wàyí."

Ẹ̀kọ́ tí ààlọ́ yìí kọ́ wa ni pé ọjà tó sùn sí àká àti owó tó sùn sọ́wọ́ ẹlòmíràn kì í bí èrè. Ẹni tó bá fẹ́ jèrè, kó jẹ́ kí owó òwò rẹ̀ máa rìn, kó sì máa rí i pé ó ń padà wálé.

Ibi tí ààlọ́ mi já sí nìyí. Ẹni tí orin bá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kó gbé e lọ sílé.