Orúkọ Tí Ẹ̀rọ Sọ Ọmọ Ìbídùn

Ilé là á wò, ká tó sọmọ lórúkọ. Akínṣọlá gbọ́ òwe yìí títí etí rẹ̀ fi kún, síbẹ̀ inú fóònù ló wò. Ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá tó wà níbẹ̀ ló bá a kọ lẹ́tà tó fi ríṣẹ́. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ṣú sórí rẹ̀ gan-an, ẹ̀rọ ni yóò bi bóyá yóò rọ̀.

Nígbà tí Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ bímọkùnrin, ó bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹsẹ̀ lọmọ yìí fi jáde. Ẹ jẹ́ ká bi Bàbá."

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí fóònù rẹ̀. "Kí ni Bàbá mọ̀ tí èyí ò mọ̀?"

Lọ́jọ́ ìkómọ, ó gbé fóònù sókè láàárín ẹbí, ó ka orúkọ tí ẹ̀rọ fún un bí ẹni ń kéde oyè: "Babátúndé."

Ìbídùn fún ọmọ mọ́ra. Bàbá Akínṣọlá, tó jókòó sórí àga, rọra jẹ obì ẹnu rẹ̀ tán.

"Akínṣọlá, ìgbà wo ni mo kú?"

"Bàbá, ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ó bi ọ́ bóyá mo ṣì wà láyé?"

"Rárá, sà."

"Ìwọ ńkọ́, o sọ fún un?"

Akínṣọlá ti fóònù bọ àpò.

"Ẹ ní kí ẹ̀rọ wá gbẹ́ sàréè náà," ni àbúrò Bàbá sọ.

Bàbá kọjú sí Ìbídùn. "Ìyàwó, báwo lọmọ yìí ṣe wáyé?"

"Ẹsẹ̀ ló fi jáde, sà."

Bàbá gba ọmọ náà mọ́ra. "Ìgè, káàbọ̀. O gbé orúkọ rẹ bọ̀ láti ọ̀run, bàbá rẹ wá ń tọrọ òmíràn kiri."