Ìgbín Méjì Ọ̀gá Ọ̀jẹ́wálé

Ọ̀gá Ọ̀jẹ́wálé ní kò sí ohun tí ojú òun ò mọ̀. Ó kó ìgbín méjì tó jọra bí ìbejì sínú ọgbà, ó ń retí ẹyin. Ọdún méjì kọjá, ẹyin ò sí. Ló bá lé Ìyá Ṣọlápé tó ń tọ́jú wọn: “Olè ẹyin!”

Olùkọ́ fásitì tí Ọ̀gá pè pé kó wá jẹ́rìí fi àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń mọ bàbá ọmọ yẹ àwọn ìgbín náà wò. Ó ní, “Ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ewúrẹ́ àti àgùntàn lẹ so pọ̀, tí ẹ ń retí ọmọ.”

Ọ̀gá sáré lọ bẹ Ìyá Ṣọlápé.

Màmá ní, “Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ọ̀gá, ṣé ojú tí ò dá ìgbín mọ̀ lẹ fi dá olè mọ̀?”